Ẹ̀jẹ́ Onídùúró: Ìlànà Ilé-Ẹjọ́ Lórí Owó Ìdúró Nígbà Tí Olùjẹ́jọ́ Bá Sá

Ìfáárà

Nínú òfin ìwà ọ̀daràn ilẹ̀ Nàìjíríà, béèlì ni ìyọ̀ǹda tí ilé-ẹjọ́ máa ń fún ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn láti máa ti ilé ara rẹ̀ wá jẹ́jọ́ dípò kí ó máa ti àhámọ́ wá, lórí ẹ̀jẹ́ pé gbogbo ọjọ́ tí wọ́n bá dá fún ẹjọ́ náà ni yóò yọjú. Ẹni tí ó bá fi orúkọ, àdírẹ́sì àti dúkìá rẹ̀ sílẹ̀ pé òun yóò rí i dájú pé olùjẹ́jọ́ ń wá ni wọ́n ń pè ní onídùúró. Ìwé àdéhùn tí ó tọwọ́ bọ̀ níwájú akọ̀wé kọ́ọ̀tù ni ìwé ìdúró. Iye tí ó gbà láti san bí olùjẹ́jọ́ kò bá wá sì ni owó ìdúró. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí dá lé ohun tí ó yẹ kí ó ṣẹlẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n pe orúkọ olùjẹ́jọ́ ní kọ́ọ̀tù tí kò sì sí ẹni tí ó dáhùn, títí di ọjọ́ tí owó náà bọ́ sọ́wọ́ ìjọba tàbí tí ilé-ẹjọ́ dá onídùúró sílẹ̀.

Kókó tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí dì mú ni pé gbèsè ni owó ìdúró, kì í ṣe ìjìyà, àti pé gbèsè ọ̀hún kò tíì tó gbà títí ilé-ẹjọ́ yóò fi tẹ̀ lé ìlànà tí òfin là sílẹ̀ ní ìpele dé ìpele. Ilé-ẹjọ́ tí ó bá fo ìpele kan yóò lé àwọn olóòótọ́ ènìyàn sá kúrò nídìí ìdúró; èyí tí kò bá sì gba owó náà rárá yóò sọ ìwé ìdúró di ìwé lásán. Ẹ̀yìn tálákà tí kò rí ẹni dúró fún un ni ìpalára àṣìṣe méjèèjì máa ń já sí, nítorí inú àhámọ́ ni yóò ti máa retí ọjọ́ ẹjọ́ rẹ̀.

Ìpìlẹ̀ béèlì nínú òfin

Abala 36 nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 1999 ka ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá fẹ̀sùn ọ̀daràn kàn sí aláìṣẹ̀ títí wọn yóò fi fi ẹ̀rí hàn pé ó jẹ̀bi, abala 35 sì dáàbò bo òmìnira ara ẹni. Orí òpó méjì yìí ni béèlì dúró lé. Ìpínlẹ̀ Èkó ṣíwájú nínú títún òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn ṣe lọ́dún 2007. Nígbà tí ó di ọdún 2015, ìjọba àpapọ̀ ṣe Òfin Ìṣàkóso Ìdájọ́ Ìwà Ọ̀daràn, èyí tí àwọn agbẹjọ́rò ń pè ní ACJA, fún àwọn ilé-ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ àti àwọn ilé-ẹjọ́ Àbújá, àwọn ìpínlẹ̀ sì ṣe tiwọn tí ó jọ ọ́ ní ọ̀pọ̀ ibi.

Abala 165 nínú òfin ọdún 2015 fi ohun tí ilé-ẹjọ́ yóò béèrè kí ó tó fúnni ní béèlì sí ọwọ́ adájọ́, ṣùgbọ́n ó pàṣẹ pé kí adájọ́ wo bí ẹjọ́ náà ṣe rí, kí ohun tí ó ń béèrè má sì pọ̀ jù bí ó ti yẹ lọ. Abala yìí kan náà fàyè gba ilé-ẹjọ́ láti ní kí olùjẹ́jọ́ tàbí onídùúró fi owó tàbí nǹkan ìní kan sílẹ̀, èyí tí wọn yóò dá padà nígbà tí ẹjọ́ bá parí. Abala 167 sì fi òpin sí àṣà kan tí ó ti pẹ́ ní àgọ́ ọlọ́pàá àti ní kọ́ọ̀tù, nípa sísọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ onídùúró nítorí pé obìnrin ni.

Ìyàtọ̀ pàtàkì kan wà láàárín onídùúró àti ìbátan olùjẹ́jọ́. Abala 7 nínú òfin náà ka mímú ẹnìkan dípò ẹlòmíràn léèwọ̀, èyí tí ó túmọ̀ sí pé bí afurasí bá sá, ọlọ́pàá kò ní ẹ̀tọ́ láti mú ìyá, ìyàwó tàbí àbúrò rẹ̀ kí ó lè jáde. Láyé àtijọ́, ilẹ̀ Yorùbá mọ irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ láti fi gba gbèsè. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn àwọn Yorùbá tí ó jáde lọ́dún 1921, ṣe àpèjúwe ológò tí ẹni tí wọ́n jẹ lówó máa ń rán lọ dógò ti onígbèsè, tí yóò jókòó sí agbo ilé náà tí yóò sì máa yọ gbogbo ará ilé lẹ́nu títí wọn yóò fi wá owó náà. Òfin òde òní kọ̀ kí ẹnikẹ́ni jìyà nítorí ẹ̀jẹ̀ tí ó pa òun àti arúfin pọ̀. Ọ̀rọ̀ onídùúró yàtọ̀, nítorí pé òun fúnra rẹ̀ ni ó ti ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá, tí ó ka ìwé, tí ó sì tọwọ́ bọ̀ ọ́; ẹ̀jẹ́ tirẹ̀ ni wọ́n ń bi í, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ẹni tí ó dúró fún.

Ohun tí ó wà nínú ìwé ìdúró

Ìwé ìdúró kì í gùn, síbẹ̀ ó wúwo. Orúkọ olùjẹ́jọ́ àti nọ́ńbà ẹjọ́ rẹ̀ wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni orúkọ onídùúró, iṣẹ́ rẹ̀, ibi tí ó ń gbé, iye owó tí ó fi ara rẹ̀ dè, àti gbólóhùn tí ó sọ pé bí olùjẹ́jọ́ bá kùnà láti yọjú, ìjọba lè gba iye náà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n máa ń lẹ fọ́tò pélébé mọ́ ọn. Ní àwọn kọ́ọ̀tù májísíréètì ní Èkó, adájọ́ sábà máa ń béèrè onídùúró tí ó ní iṣẹ́ gidi lọ́wọ́, pẹ̀lú ẹ̀rí pé ó ti san owó orí fún ìjọba ìpínlẹ̀ náà láàárín ọdún mẹ́ta, àti àdírẹ́sì tí òṣìṣẹ́ kọ́ọ̀tù lè lọ fojú rí. Bí ẹ̀sùn bá lágbára, adájọ́ lè béèrè ìwé ilẹ̀ tàbí ìwé ilé, kí onídùúró sì búra nínú ìwé ìbúra pé agbára òun ká iye náà.

Ọ̀pọ̀ onídùúró ni kì í fi bẹ́ẹ̀ ka gbólóhùn tí ó sọ̀rọ̀ nípa owó, nítorí pé kò sí owó kankan tí ó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tí ó tọwọ́ bọ̀wé, bí kò ṣe pé ilé-ẹjọ́ dìídì ní kí ó fi owó sílẹ̀. Ẹ̀jẹ́ ni ó jẹ́ lọ́jọ́ náà. Gbèsè tí ó so mọ́ ẹ̀jẹ́ ọ̀hún yóò wà ní ìsùn títí ẹjọ́ yóò fi parí, ọjọ́ tí olùjẹ́jọ́ bá sá ni yóò sì jí.

Ọjọ́ tí wọ́n pe ẹjọ́ tí olùjẹ́jọ́ kò dáhùn

Ní àárọ̀ ọjọ́ ìgbẹ́jọ́, akọ̀wé kọ́ọ̀tù yóò pe nọ́ńbà ẹjọ́ àti orúkọ àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn, olùjẹ́jọ́ yóò sì bọ́ síbi tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un. Bí kò bá sí níbẹ̀, agbẹjọ́rò rẹ̀ ni adájọ́ yóò kọ́kọ́ yíjú sí, nítorí ó ṣeé ṣe kí àìsàn ti dá a dùbúlẹ̀, kí jàǹbá ti ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà, tàbí kí ìwé tí wọ́n fi ń kéde ọjọ́ ẹjọ́ má ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí àlàyé tí ó mọ́gbọ́n dání bá wà, ilé-ẹjọ́ yóò sún ẹjọ́ síwájú, ọ̀rọ̀ sì tán. Ìgbà tí kò bá sí àlàyé, tàbí tí àlàyé náà kò bá fẹsẹ̀ múlẹ̀, ni olùpẹ̀jọ́ máa ń dìde láti béèrè fún àwọn àṣẹ mélòó kan tí àwọn ará ìlú sábà máa ń pò pọ̀ mọ́ra wọn, bẹ́ẹ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n.

Èkíní ni fífagi lé béèlì, èyí tí ó fòpin sí ìyọ̀ǹda tí olùjẹ́jọ́ ní láti máa rìn fàlàlà. Èkejì ni ìwé àṣẹ ìmúni, tí ó fún ọlọ́pàá àti àwọn òṣìṣẹ́ aláàbò yòókù lágbára láti mú olùjẹ́jọ́ níbikíbi tí wọ́n bá ti rí i. Ẹ̀kẹta ni títẹ̀síwájú nínú ìgbẹ́jọ́ lẹ́yìn olùjẹ́jọ́: abala 352 nínú òfin ọdún 2015 gbà kí ilé-ẹjọ́ máa gbọ́ ẹjọ́ náà lọ láìsí olùjẹ́jọ́ tí ó wà lórí béèlì, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti sún un síwájú lẹ́ẹ̀mejì tàbí bí ilé-ẹjọ́ bá ṣe rò pé ó tọ́, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dá a lẹ́bi, wọn kò ní kéde ìdájọ́ ẹ̀wọ̀n títí wọn yóò fi mú un tàbí tí yóò fi fa ara rẹ̀ kalẹ̀. Ẹ̀kẹrin ni ọ̀rọ̀ onídùúró àti owó ìdúró. Mẹ́ta àkọ́kọ́ dojú kọ ẹni tí ó sá, ẹ̀kẹrin nìkan ni ó dojú kọ ẹni tí kò sá, ìdí sì nìyí tí òfin fi ní kí wọ́n fara balẹ̀ níbẹ̀ ju ti àwọn yòókù lọ.

Bí ilé-ẹjọ́ ṣe ń gba owó ìdúró

Ìpele àkọ́kọ́ ni ẹ̀rí. Ilé-ẹjọ́ gbọ́dọ̀ rí i pé ìwé ìdúró kan wà lóòótọ́ tí onídùúró tọwọ́ bọ̀, pé ọjọ́ tí olùjẹ́jọ́ kò yọjú wà lára àwọn ọjọ́ tí wọ́n dá fún un, àti pé kò ní ìdí pàtàkì tí kò fi wá. Adájọ́ yóò kọ ohun tí ó mú kí ó gbà bẹ́ẹ̀ sínú àkọsílẹ̀ ẹjọ́, kí ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn lè rí ohun tí yóò yẹ̀ wò bí ọ̀rọ̀ bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ìpele kejì ni ọkàn gbogbo ìlànà yìí. Ilé-ẹjọ́ yóò ránṣẹ́ pe onídùúró pé kí ó wá san owó tí ó fi ara rẹ̀ dè, tàbí kí ó wá sọ ìdí tí kò fi yẹ kí wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Agbẹ́jọ́ẹnìkandá, àgbà òṣìkà; onídùúró tí wọ́n gba dúkìá rẹ̀ láìjẹ́ kí ó rojọ́ ti pàdánù ẹ̀tọ́ ìgbẹ́jọ́ tí ó tọ́, èyí tí abala 36 ìwé òfin orílẹ̀-èdè fún gbogbo ènìyàn. Ìwé ìpè náà gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ rẹ̀, àkókò tí ó tó gbọ́dọ̀ wà fún un láti wá agbẹjọ́rò àti láti wá olùjẹ́jọ́ pàápàá, nítorí pé ohun tí ìwé ìdúró ń lépa gan-an ni kí olùjẹ́jọ́ padà wá. Owó kò lè rọ́pò olùjẹ́jọ́ níwájú ilé-ẹjọ́.

Ohun tí onídùúró lè sọ pọ̀. Ó lè fi hàn pé olùjẹ́jọ́ wà nílé ìwòsàn, pé ó wà ní àhámọ́ níbòmíràn, tàbí pé ó ti kú. Ó lè fi hàn pé ìwé ìdúró tí wọ́n gbé jáde kì í ṣe ti òun, pé ayédèrú ni. Ó tún lè fi hàn pé òun sa gbogbo ipá òun, pé òun lọ fi tó ọlọ́pàá létí ní kété tí òun gbọ́ pé olùjẹ́jọ́ ń múra àtisá. Èyí tí ó kẹ́yìn yìí kò pa gbèsè rẹ́ dandan, ṣùgbọ́n ó lè mú kí adájọ́ dín iye náà kù, nítorí òfin fún ilé-ẹjọ́ ní àyè láti gba apá kan kí ó sì dárí apá kan jì.

Bí àlàyé onídùúró kò bá tẹ́ ilé-ẹjọ́ lọ́rùn, tí kò sì san owó náà, ìpele kẹta ni kí ilé-ẹjọ́ pàṣẹ pé kí wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé dúkìá rẹ̀, kí wọ́n tà á ní gbàǹjo, kí wọ́n sì yọ iye tí ó wà nínú ìwé ìdúró kúrò nínú owó tí wọ́n bá rí. Ìgbà tí ọ̀nà yìí kò bá mú owó náà jáde ni òfin ṣẹ̀ṣẹ̀ mẹ́nu ba ẹ̀wọ̀n fún onídùúró, òfin sì fi gbèdéke sí i. Bí wọ́n ṣe tò tẹ̀ lé ara wọn yìí ní ìtumọ̀: owó ṣáájú dúkìá, dúkìá ṣáájú òmìnira. Ilé-ẹjọ́ tí ó bá bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹ̀wọ̀n ti gbé ìlànà náà dorí kodò.

Bí onídùúró bá kú kí olùjẹ́jọ́ tó sá, gbèsè náà kò lè tẹ̀ lé ogún rẹ̀. Olùjẹ́jọ́ ni yóò wá onídùúró mìíràn.

Ẹjọ́ kan tí gbogbo ìlú gbọ́

Ẹjọ́ Abdulrasheed Maina, alága ìgbìmọ̀ tí ìjọba gbé kalẹ̀ láti tún ètò owó ìfẹ̀yìntì ṣe nígbà kan rí, fi bí ìlànà yìí ṣe rí lójú ayé hàn. Ìjọba àpapọ̀ fẹ̀sùn ṣíṣe owó kúmọkùmọ kàn án níwájú Adájọ́ Okon Abang ní Ilé-Ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Àbújá. Ohun tí ilé-ẹjọ́ kọ́kọ́ béèrè fún béèlì rẹ̀ le, wọ́n sì wá dín in kù sí mílíọ̀nù 500 náírà pẹ̀lú onídùúró kan tí ó jẹ́ sẹ́nétọ̀. Sẹ́nétọ̀ Ali Ndume láti Ìpínlẹ̀ Borno dúró fún un, Maina sì jáde ní ọdún 2020.

Nígbà tí Maina kò yọjú mọ́, adájọ́ fagi lé béèlì rẹ̀ ní oṣù kọkànlá ọdún náà, ó pàṣẹ kí wọ́n mú un, ó sì ní kí ìgbẹ́jọ́ máa lọ lẹ́yìn rẹ̀. Ní ọjọ́ 23 oṣù náà, ó pàṣẹ kí wọ́n fi Ndume sí ọgbà ẹ̀wọ̀n Kuje nítorí pé kò mú Maina wá, kò sì tíì san owó ìdúró. Ndume pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn, adájọ́ kan náà sì fún un ní béèlì ní ọjọ́ 27, lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí wọ́n mú Maina ní orílẹ̀-èdè Niger, wọ́n gbé e padà sí Nàìjíríà ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá, ilé-ẹjọ́ sì dá a lẹ́bi ní oṣù kọkànlá ọdún 2021, ó rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 8.

Ẹ̀kọ́ méjì ni ó wà nínú ẹjọ́ náà. Ọ̀kan ni pé ìwé ìdúró kò mọ ẹni ńlá yàtọ̀ sí mẹ̀kúnnù, èyí tí ó dára fún iyì ilé-ẹjọ́. Èkejì ni ìbéèrè tí àwọn amòfin ń bi ara wọn láti ìgbà náà, pé nígbà tí onídùúró ní dúkìá tí gbogbo ayé mọ̀, ṣé kò yẹ kí ọwọ́ ilé-ẹjọ́ kọ́kọ́ dé orí dúkìá náà kí ó tó dé orí òmìnira rẹ̀? Ìlànà tí a ti là sílẹ̀ lókè yìí dáhùn pé ó yẹ bẹ́ẹ̀.

Bí àwọn ilẹ̀ mìíràn ṣe ń ṣe é

Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti Amẹ́ríkà gbé ìlànà kan kalẹ̀ lọ́dún 1872 nínú ẹjọ́ Taylor àti Taintor, èyí tí àwọn adájọ́ ibẹ̀ ṣì ń tọ́ka sí. Olùjẹ́jọ́ kan ní Connecticut, tí wọ́n béèrè 8,000 dọ́là fún béèlì rẹ̀, jáde lọ sí New York, gómìnà New York sì fà á lé ìjọba Maine lọ́wọ́ nítorí ẹ̀ṣẹ̀ mìíràn, kò sì lè padà wá jẹ́jọ́. Ilé-ẹjọ́ gbà pé bí iṣẹ́ Ọlọ́run, àṣẹ òfin, tàbí ìwà ìjọba tí onídùúró fi ara rẹ̀ dè fún bá ni kò jẹ́ kí olùjẹ́jọ́ wá, onídùúró bọ́. Ṣùgbọ́n àwọn onídùúró yìí kò bọ́, nítorí pé àwọn ni wọ́n jẹ́ kí ó kúrò ní ìpínlẹ̀ náà. Ní California lónìí, àṣẹ pé owó ìdúró ti bọ́ kì í ṣe òpin ọ̀rọ̀: òfin fún onídùúró ní ọjọ́ 180, wọ́n sì fi ọjọ́ 5 kún un bí wọ́n bá fi ìfitónilétí náà ránṣẹ́ nípasẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́, láti wá olùjẹ́jọ́ rí kí ó sì mú un padà. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba ọ̀nà mìíràn: òfin béèlì wọn ti ọdún 1976 sọ sísá fún béèlì di ẹ̀ṣẹ̀ lọ́tọ̀, kí ẹni tí ó sá fúnra rẹ̀ lè jìyà rẹ̀, ó sì ka àdéhùn pé olùjẹ́jọ́ yóò dá owó onídùúró padà fún un sí ẹ̀ṣẹ̀, nítorí onídùúró tí kò ní pàdánù ohunkóhun kò ní ìdí láti ṣọ́ ẹnikẹ́ni.

Láti Amẹ́ríkà ni èrò onídùúró tí ó ń fi ìdúró ṣe iṣẹ́ ti wọ òfin Nàìjíríà. Abala 187 nínú òfin ọdún 2015 gbà kí wọ́n forúkọ irú àwọn ènìyàn tàbí ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n sì fún wọn ní ìwé àṣẹ. Ṣùgbọ́n nínú Amẹ́ríkà gan-an, àwọn ìpínlẹ̀ bíi Kentucky àti Oregon ti ka iṣẹ́ náà léèwọ̀, Illinois sì pa béèlì olówó rẹ́ pátápátá ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023. Ó yẹ kí Nàìjíríà wo ìdí tí àwọn olóko fi ń fa irúgbìn yìí tu kí òun tó gbìn ín.

Àléébù àti àtúnṣe

Àléébù tí ó wọ́pọ̀ jùlọ ni ti àwọn onídùúró ayédèrú tí wọ́n máa ń rìn káàkiri àyíká kọ́ọ̀tù, tí wọ́n ń gba owó kékeré lọ́wọ́ ẹbí olùjẹ́jọ́ kí wọ́n lè tọwọ́ bọ ìwé pẹ̀lú àdírẹ́sì tí kò sí àti ìwé owó orí tí wọ́n tẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí olùjẹ́jọ́ bá sá, ilé-ẹjọ́ kò ní rí onídùúró tí yóò ránṣẹ́ pè. Adájọ́ tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ sí lẹ́ẹ̀mejì yóò mú kí ohun tí ó ń béèrè le sí i fún gbogbo ẹni tí ó bá tún wá, títí kan ẹni tí ó jí iṣu àti ẹni tí ó jí fóònù. Bẹ́ẹ̀ ni owó ìdúró tí wọn kò gbà lọ́wọ́ ayédèrú ṣe ń di àhámọ́ fún tálákà, ní orílẹ̀-èdè tí ó ju ìdajì àwọn tí ó wà lọ́gbà ẹ̀wọ̀n lọ tí ó jẹ́ àwọn tí ilé-ẹjọ́ kò tíì dá ẹjọ́ wọn.

Àtúnṣe tí ó yẹ kò nílò òfin tuntun. Kí akọ̀wé kọ́ọ̀tù lọ sí àdírẹ́sì onídùúró kí wọ́n tó tú olùjẹ́jọ́ sílẹ̀, kí ó sì fi ìwé owó orí rẹ̀ wé àkọsílẹ̀ iléeṣẹ́ owó orí. Kí wọ́n máa fi àtẹ̀jíṣẹ́ sọ ọjọ́ ẹjọ́ fún onídùúró gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ fún agbẹjọ́rò. Bí olùjẹ́jọ́ bá kùnà, kí ìwé ìpè onídùúró sọ iye ọjọ́ tí ó ní láti mú un wá, kí adájọ́ sì kọ ìdí tí ó fi gba gbogbo owó náà tàbí tí ó fi dín in kù. Kí iye tí wọ́n kọ sínú ìwé ìdúró sì jẹ́ iye tí ilé-ẹjọ́ ṣe tán láti gbà lóòótọ́.

Ìparí

Ohun tí gbogbo ìlànà yìí ń tọ́ka sí ni pé òfin kò dá onídùúró lẹ́bi nítorí pé ó ṣàánú ẹlòmíràn. Ohun tí ó ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ni kí ó máa ṣọ́ ẹ̀jẹ́ tí ó jẹ́ títí ẹjọ́ yóò fi parí. Fún ìdí èyí, òfin ṣí ilẹ̀kùn kan sílẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀: onídùúró tí ó bá fura pé olùjẹ́jọ́ fẹ́ sá, tàbí tí ìdúró náà sú, lè lọ bá ilé-ẹjọ́ pé kí wọ́n tú òun sílẹ̀ nínú ìwé ìdúró. Ilé-ẹjọ́ yóò pàṣẹ kí wọ́n mú olùjẹ́jọ́ wá, yóò dá onídùúró sílẹ̀ nígbà tí wọ́n bá mú un dé, yóò sì ní kí olùjẹ́jọ́ wá onídùúró mìíràn tàbí kí ó padà sí àhámọ́. Onídùúró tí ó bá ṣe èyí kí ọjọ́ ẹjọ́ tó pé kò jẹ gbèsè kankan. Ẹni tí ó bá dúró títí wọ́n fi pe orúkọ tí ẹnikẹ́ni kò dáhùn ni yóò wá máa bẹ adájọ́ pé kí ó dín owó kù.